Oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣòfò nílẹ̀: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí i?

Ọlọ́sìnTuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́sìn. Ẹlẹ́dẹ̀ 120 ló wà nílẹ̀, nínú yàrá mẹ́fà, 20 ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Fídà kọ̀ọ̀kan ló wà fún yàrá kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n ń da oúnjẹ sí lókè tó ń ṣàn wá sínú àwo nísàlẹ̀, ojú ìjẹun méjì-méjì ló sì ní. Oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń jẹ: àgbàdo, sóyà àti èérí àlìkámà. Láti kílò 30 tí wọ́n wọlé títí dé kílò 100 tí wọ́n fi ń jáde, kílò oúnjẹ 3.6 ló ń lọ sórí kílò kan tí wọ́n bá fi kún ara. Ohun tí mo ń gbọ́ ni pé kò yẹ kó ju 2.7 sí 3 lọ. Láràárọ̀ ni oúnjẹ máa ń wà nílẹ̀ lábẹ́ fídà, tó ti pò mọ́ ìtọ̀. Ṣé fídà ni ká pààrọ̀ ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà? Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

OjúLọpọ́n:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì ra fídà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí òfò náà ṣe tóbi tó.

Láti kílò 30 dé 100, kílò 70 ni ẹlẹ́dẹ̀ fi kún ara. 70 lọ́nà 3.6 jẹ́ 252; 70 lọ́nà 3 jẹ́ 210. Kílò 42 ló wà láàárín lórí ẹyọ kan. Lórí 120, ó di kílò 5,040, ìyẹn àpò oní-kílò 25 tó lé ní 200, nínú agbo kan ṣoṣo. Ó tó ohun tí èèyàn ń pa iṣẹ́ mìíràn tì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo 42 yẹn ló ń bọ́ sílẹ̀. Eku ń jẹ nínú rẹ̀, òmíràn ń gba inú ẹlẹ́dẹ̀ kọjá láìdà, òmíràn sì ti bá ẹlẹ́dẹ̀ tó kú lọ. Ẹ wọn èyí tó ń bọ́ sílẹ̀ ná, ká tó di ẹ̀bi ru fídà.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ mú yàrá méjì, èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ dọ̀tí jù àti èyí tó mọ́ jù. Ẹ fọ ìdí fídà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ da oúnjẹ tí ẹ ti wọ̀n sínú fídà, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Fún wákàtí 24, ẹ máa gbá ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta lójú ọ̀sán, kí ẹ sì tún gbá a ní ìdájí. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ oníhò ni, tàpólì ni kí ẹ so sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí fídà dúró sí. Ẹ ṣa ìgbẹ́ kúrò nínú ohun tí ẹ kó, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ bí èyí tó wà nínú àpò, kí ẹ tó gbé e sórí ìwọ̀n. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tútù, omi lẹ ń wọ̀n. Ẹlẹ́dẹ̀ 20 tó wà ní nǹkan bí kílò 60 máa ń jẹ tó kílò 44 lójúmọ́. Bí ẹ bá rí kílò 4 gbígbẹ kó nílẹ̀, 9% nìyẹn. Bó bá ti ju 3 sí 4% lọ, ọwọ́ gbọ́dọ̀ kan fídà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ pé àlàfo tí oúnjẹ ń gbà bọ́ sínú àwo ló ṣí jù. Ẹ dúró ti yàrá kan fún ìṣẹ́jú 10, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ kàn máa wò. Ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nídìí àwo á bu oúnjẹ kún ẹnu, á gbórí sókè, á yí ọrùn wo èyí tó ń fi èjìká tì í lẹ́yìn, tí yóò sì máa rún un lọ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti yí ọrùn yẹn ni oúnjẹ ti ń dà láti igun ẹnu rẹ̀. Bí oúnjẹ bá kún àwo, ẹnu á kún, èyí tó ń dà á sì pọ̀. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ́, orí kò ní kúrò nínú àwo: á lá a, á fi imú ti ìkáwọ́ fídà kí òmíràn bọ́, á tún lá a. Ohun tó bá sì dà lẹ́nu rẹ̀, inú àwo náà ló ń bọ́ sí.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa rí nínú àwo ni oúnjẹ tó bo ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí irin hàn ní ìyókù. Bí ẹ ò bá rí ìsàlẹ̀ àwo rárá, ó ti ṣí jù. Bó bá mọ́ féfé, tí itọ́ nìkan ń dán lórí irin, ó ti há jù.

Láti tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ ha igun àwo. Oúnjẹ tó ti fi itọ́ lẹ̀ mọ́ igun máa ń kan, ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ ẹ́, yóò wulẹ̀ máa fi imú tú tuntun dànù kó lè yẹra fún un ni. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àlàfo náà dé pátápátá, kí ẹ wá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi yọ ojú. Títì í láti ibi tó ṣí gbayawu wá sísàlẹ̀ kì í fún èèyàn ní ìwọ̀n tó péye, torí oúnjẹ tó ti wà nínú àwo tẹ́lẹ̀ ń bo ojú irin. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá ti jẹun àárọ̀ dáadáa, kí ẹ tó wò ó. Ẹ fi ẹ̀fun sàmì sí ibi tí bóòtì tí ẹ fi ń ṣí àlàfo náà, tí ẹ sì fi ń tì í, dúró sí, ibẹ̀ lẹ ó máa padà sí lẹ́yìn tí ẹ bá fọ fídà.

Wọn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá yí oúnjẹ padà, tí ẹ fi èérí kún un, tàbí tí ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó ṣe ń ṣàn á yàtọ̀. Yàrá mẹ́fà yín kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀, bí ẹni tó ń lọ bá mọ ohun tó fẹ́ wò.

Ìkejì ni pé 20 lórí ojú ìjẹun méjì ti wà ní òkè téńté ohun tí fídà gbígbẹ ń gbà, mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí ojú kan. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kò gba àṣìṣe. Ẹ sì wọn ìbú ojú ìjẹun náà. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ti tó kílò 100 nílò nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kí èjìká rẹ̀ lè wọlé. Bí ojú náà bá fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, á dúró ní ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ kò ní tọ́ sínú àwo, gbogbo èyí tó bá bù ni yóò máa dà síta. Bó bá sì fẹ̀ jù, méjì á rọ́ wọ ojú kan, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ wọ inú àwo. Etí àwo tó yí wọnú ló dáa. Èyí tó dúró ṣánṣán tàbí tó tẹ̀ síta, tí ìpẹta ti jẹ, ẹ wá ẹni tí yóò jó irin tuntun mọ́ ọn.

Alọkà:

Ọ̀rọ̀ àlàfo fídà yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo fẹ́ fà yín sẹ́yìn díẹ̀, síbi tí wọ́n ti lọ oúnjẹ náà, torí oúnjẹ tí kò dà nínú ẹlẹ́dẹ̀ kò ní hàn lábẹ́ fídà. Inú ìgbẹ́ ló wà. Ẹ bu ìgbẹ́ tútù bí ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú asẹ́, ẹ máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí ohun tó rọ̀ yóò fi ṣàn lọ. Bí ẹ bá rí àfọ́kù àgbàdo tó ṣì le, tó tóbi tó orí ìṣáná, owó yín ni ẹ̀ ń wò yẹn.

Fún ẹlẹ́dẹ̀ tó ń dàgbà, ìwọ̀n hóró àgbàdo tó lọ̀ dára láàárín 600 sí 700 máíkírọ́ọ̀nù, ìyẹn ìdá mẹ́fà sí méje nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà kan. Bó bá wà ní 1,000 tẹ́lẹ̀, 100 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gé kúrò níbẹ̀ máa ń dín oúnjẹ tó ń lọ sórí kílò kan kù ní nǹkan bí 1% sí 1.3%. Asẹ́ oníhò mílímítà 3 ló sábà máa ń mú ẹ̀rọ oníhámà, ìyẹn ẹ̀rọ ìlọ̀ tí irin inú rẹ̀ (hámà) ń fọ́ àgbàdo, súnmọ́ ibẹ̀. Àmọ́ asẹ́ nìkan kọ́. Etí hámà tó bá ti jẹ, tó di roboto, kì í gé àgbàdo mọ́, ńṣe ló ń lù ú: apá kan á di ìyẹ̀fun, apá kan á jẹ́ àfọ́kù ńlá. Igun mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ hámà ní. Ẹ máa yí i padà títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi jẹ tán kí ẹ tó ra òmíràn. Kí ẹ sì máa gbé asẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú kan ṣoṣo tó bá ya débi tí ìka ń gbà á kọjá, odindi hóró á máa gba ibẹ̀ jáde, ẹ ò sì ní mọ̀ títí di ìgbà tí ẹ bá fọ ìgbẹ́.

Ẹ má sì lọ̀ ọ́ bí èlùbọ́ o. Oúnjẹ tó kúnná jù ń fa egbò sínú àpòlúkù ẹlẹ́dẹ̀, ó máa ń so mọ́ra nínú fídà bí afárá, ìsàlẹ̀ á ṣófo nígbà tí òkè kún. Olùtọ́jú á rí i pé fídà kún, á kọjá lọ, ẹlẹ́dẹ̀ á sì fi ebi sùn. Ẹ fi ọwọ́ gbá ara fídà láràárọ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ohun tí mo rí nínú ìbéèrè yín tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kàn ni èérí àlìkámà yẹn. Báwo ló ṣe pọ̀ tó nínú oúnjẹ? Èérí kò ní agbára tó àgbàdo, fọ́nrán (fáíbà) inú rẹ̀ sì pọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ èérí púpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ tó pọ̀ sí i kó tó rí agbára kan náà. 2.7 sí 3 tí ẹ gbọ́ yẹn, oúnjẹ àgbàdo pẹ̀lú sóyà tó lágbára dáadáa ni wọ́n ń sọ. Bí èérí bá kó ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ yín, ẹ lè dí gbogbo ihò tó wà nínú ọgbà, kó má dé 3 síbẹ̀. Kì í ṣe pé èérí burú. Bó bá pọ́ọ́kú gan-an, ó lè san. Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣírò ni iye owó oúnjẹ lórí kílò ẹran kan, kì í ṣe kílò oúnjẹ nìkan.

Nípa pípò: ẹ̀rọ ìpò tó dúró lóòró nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ohun ìkẹyìn bá ti wọ inú rẹ̀, èyí tó dùbúlẹ̀ nílò 3 sí 5. Ẹni tó bá ń fi ṣọ́bìrì pò ó, kó kọ́kọ́ fi àgbàdo lílọ̀ kílò mẹ́wàá pò iyọ̀, fítámì àti láísìnì (èròjà purotéènì tí ẹlẹ́dẹ̀ nílò kó lè dàgbà) pọ̀ lọ́tọ̀, kó tó dà wọ́n sínú èyí tó pọ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yàrá kan á jẹ iyọ̀ jù, yàrá kejì kò ní rí láísìnì jẹ, àwọn tí kò rí i á sì máa jẹun láìdàgbà.

Ṣé oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ láti 30 dé 100? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òfò ńlá tí kì í bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Láti 30 dé 50, purotéènì tó tó nǹkan bí 18% yẹ wọ́n. Láti 50 dé 75, 16%. Lẹ́yìn ìyẹn, 14% ti tó bí láísìnì bá pé. Purotéènì tí ara kò lò, inú ìtọ̀ ló ń bá jáde. Òórùn tó ń ta èèyàn nímú, tó ń mú ojú ṣomi bí ẹ bá wọ yàrá àwọn ńlá ní ìdájí, sóyà tí ẹ rà wà nínú rẹ̀.

ÌyáOníṣírò:

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ kún un. 3.6 yẹn, ṣé ẹ wọn ẹlẹ́dẹ̀ tó kú pẹ̀lú? Ẹlẹ́dẹ̀ tó wọlé ní kílò 30 tó kú ní kílò 80 ti jẹ oúnjẹ tó lé ní kílò 130, ẹ ò sì rí kílò ẹran kankan tà lára rẹ̀. Bí mẹ́rin bá kú nínú 120, oúnjẹ tó ju kílò 500 ti lọ, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú àlàfo fídà. Ẹ kọ òkú sí òpó tirẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tó kú.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n ń jáde. Kílò 100 dáa. Àwọn tó bá ń dúró di 115 tàbí 120 torí pé oníbàárà kò tètè dé, ọ̀rá ni wọ́n ń fi kún ara níbẹ̀, ọ̀rá sì ń gba oúnjẹ ju iṣan lọ, torí omi ló pọ̀ nínú iṣan. Ẹ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pé kílò 90.

Aràn náà ń bẹ. Bí wọ́n bá pa ẹlẹ́dẹ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ hàn yín. Àmì funfun bíi wàrà tó kán sórí rẹ̀ ni ọ̀nà tí ọmọ aràn gbà kọjá. Ẹyin aràn yìí ń pẹ́ láyé lórí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà oògùn láìfọ ilẹ̀ dáadáa kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ bi dókítà ẹran léèrè irú oògùn àti ìgbà tó yẹ kí ẹ tún un lò.

Fún ẹni tó bá ní abo ẹlẹ́dẹ̀, ibi tí oúnjẹ ti ń lọ láìdún ni igbá ìbuoúnjẹ. Igbá kan tó ń gba kílò kan nígbà tí àgbàdo pọ̀ nínú oúnjẹ lè má gba gíráàmù 800 mọ́ tí èérí bá pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bu ú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ wọn márààrún pa pọ̀, ẹ pín in sọ́nà márùn-ún, kí ẹ kọ iye náà sára igbá. Ẹ tún un wọ̀n bí oúnjẹ bá yí padà. Abo tó lóyún, tí ara rẹ̀ dáa, kílò 2 sí 2.5 lójúmọ́ tó o. Ìdajì kílò tó bá fi lé lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 114 tí oyún fi ń wà nínú, kílò 57 ni. Kì í wulẹ̀ ṣòfò, ó tún ń ṣe jàǹbá: abo tó sanra jù ń bímọ pẹ̀lú wàhálà, kì í sì í jẹun dáadáa lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tó nílò rẹ̀ jù lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ egungun ìbàdí rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ tí ẹ bá egungun, ó dáa. Bó bá ti ń yọ sójú, ó rù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gidi tí ẹ ò kan egungun, ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù.

Lọ́jọ́ tó bímọ, kílò 2. Ẹ máa fi ìdajì kílò kún un lójoojúmọ́ títí yóò fi máa jẹ gbogbo ohun tó bá lè jẹ ní bí ọjọ́ kẹwàá, tó lè tó kílò 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má da tuntun lé èyí tó kan. Ẹ kó o kúrò kí ẹ tó fi òmíràn sí i, kí ẹ sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Olùṣọ́Abà:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo. Omi àti eku nìkan ni tèmi.

Ẹlẹ́dẹ̀ ń mu omi lítà méjì sí mẹ́ta lórí kílò oúnjẹ kan. Bí omi kò bá ṣàn tó, kò ní jẹun tó, á sì máa fi oúnjẹ ṣeré. Ẹ gbé ike sábẹ́ ẹnu omi kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ wọn ohun tó jáde, ẹ lọ́po rẹ̀ ní méjì. Kí ó tó lítà kan ní ìṣẹ́jú kan fún àwọn ńlá. Fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ìdajì lítà sí lítà kan. Fún abo tó ń fọ́mọ lọ́mú, lítà méjì. Ẹ̀ ń wọn gbogbo wọn, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan, torí èyí tó wà ní ìparí páìpù ló máa ń di. Ẹnu omi kan fún ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́wàá. Bí ẹnu omi bá sì wà nítòsí fídà gbígbẹ débi tí omi ń ta sínú àwo, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀: oúnjẹ tó tutù ń kan kí ilẹ̀ tó ṣú.

Eku kan ń jẹ tó gíráàmù 25 lójúmọ́. Ogójì eku, kílò kan lójoojúmọ́ nìyẹn, láìka èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ bà jẹ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ fi kọ̀ láti jẹ ẹ́. Ẹ gbé àpò sórí pákó, kí ó ga kúrò nílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó sì jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí èèyàn lè rìn yí i ká pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí àpò bá ti kan ògiri, ibẹ̀ ni eku ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí. Àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ ni kí ẹ fi dí fèrèsé àti ihò páìpù. Eku kékeré lè gba èyí tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé koríko kúrò yí ilé ká. Oògùn eku, inú àpótí tí ẹlẹ́dẹ̀ kò lè dé ni kó wà, kí ẹ sì máa ṣa òkú eku láràárọ̀ kí ẹlẹ́dẹ̀ má baà jẹ ẹ́.

Àgbàdo tí ọ̀rinrin rẹ̀ ju 13% lọ, ẹ má dì í sápò. Èyí tó bá ti bu, kò sí ọgbọ́n pípò tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Oúnjẹ tó bá kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde, kí ẹ má sì jẹ́ kí èyí tí ẹ ti lọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ nílẹ̀, torí òróró inú rẹ̀ ń kan.

Ọlọ́sìnTuntun:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, kí Ọlọ́run máa bù kún yín. Èérí àlìkámà jẹ́ 25%, oúnjẹ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbéèrè méjì ló kù. A pa àlàfo fídà dé ní yàrá mẹ́ta bí ẹ ṣe wí. Ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ní yàrá kan, ẹlẹ́dẹ̀ ń jà, èjìká àwọn kan ti bó, méjì sì ti ní egbò létí. Ìkejì, ṣé a lè kó oúnjẹ tó bọ́ sílẹ̀, ká sá a gbẹ, ká fi fún àwọn tó kù?

OjúLọpọ́n:

Yàrá yẹn há jù. Ẹ ṣí i lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ yí bóòtì díẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Bí àwo bá ti bo dé ìdajì tí wọ́n ṣì ń jà, kì í ṣe àlàfo mọ́, ojú ìjẹun ni kò tó wọn; ẹ gbé ọpọ́n kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wò ó. Àwọn tó ní egbò létí, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà pe àwọn yòókù. Ohun tó burú nínú fídà tó há ni pé oúnjẹ tí ẹ fi pamọ́ kò tó ohun tí ẹ ó pàdánù: àwọn kékeré inú yàrá á rù, gbogbo yàrá kò ní dọ́gba mọ́ lọ́jọ́ títà. Láàárín 3% òfò àti yàrá tí ebi ń pa, ẹ mú òfò.

Èyí tó bọ́ sílẹ̀, rárá. Ìtọ̀, ẹyin aràn àti bíbu ti wà nínú rẹ̀. Pàápàá, ẹ má gbé e láti yàrá kan lọ sí òmíràn, ẹ má sì fún abo tó lóyún. Ẹ dà á sórí ààtàn pẹ̀lú ìgbẹ́. Èyí tí ẹ wọ̀n fún àyẹ̀wò náà, ibẹ̀ ni kó gbà.

Alọkà:

25% èérí, oúnjẹ kan ṣoṣo láti 30 dé 100: ibẹ̀ ni apá tó pọ̀ nínú kílò 42 yẹn wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa jẹ èyí tí èérí rẹ̀ kò ju 10% lọ títí wọn yóò fi dé kílò 50, kí ẹ fi 25% náà sílẹ̀ fún àwọn tó ti kọjá 75, torí inú àwọn ńlá ń lo fọ́nrán dáadáa ju ti kékeré lọ. Ẹ má yí i padà lọ́jọ́ kan: ọjọ́ mẹ́ta ìdajì-ìdajì, kí ẹ tó lo tuntun nìkan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì yí i, ẹ tún àlàfo fídà wò, torí oúnjẹ tí èérí rẹ̀ dín kù á máa ṣàn yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.